Bí Oníbàárà Bá Ná Ọjà Wa ní Owó Ẹ̀tẹ́

Kò sí ẹni tó dàgbà láàárín Mápó, Ọjà'ba àti Bẹ̀ẹ̀rẹ̀ tí kò mọ ọjà ná. Láti ìgbà tí a ti ń di aṣọ ìyá wa mú lọ sí ọjà tó ń jẹ́ orúkọ mọ́ Ìbà Olúyọ̀lé lára yìí ni a ti mọ̀ pé iye tí ọlọ́jà kọ́kọ́ pè kọ́ ni yóò gbà, iye tí oníbàárà sì kọ́kọ́ dárúkọ kọ́ ni yóò san. Ìdúnàádúrà kì í ṣe ìjà lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọjà ti kúrò lórí àtẹ tó bọ́ sórí fóònù, irú ìnájà kan ti wọlé dé tí kò jọ èyí tí àwọn ìyá wa kọ́ wa. Ẹni tó gbé nǹkan kalẹ̀ ní ₦100,000 yóò jí láàárọ̀, yóò sì rí i pé ẹnìkan tí kò kí i, tí kò béèrè bí ọjà náà ṣe rí, ti kọ̀wé ránṣẹ́ pé ₦20,000 ni òun yóò san.

Ní Ọjà'ba, ìkíni ló ń ṣáájú. Oníbàárà yóò ní, "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá." Ọlọ́jà yóò ṣe àmín. Oníbàárà yóò fọwọ́ kan ọjà, yóò yí i síwá sẹ́yìn, kó tó dárúkọ iye kan. Bí iye náà bá kéré, ọlọ́jà yóò rẹ́rìn-ín pé kò gbà. Oníbàárà yóò ṣe bí ẹni tó ń lọ, ọlọ́jà yóò pè é padà pé kó fi nǹkan lé e. Bí ó bá wá kéré kọjá ààlà, ọlọ́jà yóò bi í léèrè bóyá òun jí ọjà náà gbé ni. Ìtìjú ìbéèrè yìí ni kì í jẹ́ kí ènìyàn ná ọjà ní ìnákúnàá. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Lórí fóònù, kò sí ojú.

Ohun kejì tún wà. Àwa náà mọ gbàǹjo. Níbi tí wọ́n bá ti ń lu gbàǹjo, oníbàárà kan ń gbọ́ iye tí èkejì rẹ̀ pè, èyí ló sì ń mú kí owó máa gòkè. Irú ọjà báyìí ni Pierre Omidyar gbé lọ sórí ayélujára ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1995, èyí tó di eBay lẹ́yìn náà. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n tà níbẹ̀ jẹ́ iná léésà kékeré kan tó ti bàjẹ́, ó sì pa owó dọ́là 14.83. Ṣùgbọ́n lórí Jiji, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 2014, tàbí lórí Facebook àti WhatsApp tí a ti ń ta nǹkan fún ara wa, oníbàárà kan kì í gbọ́ ohùn èkejì. Kálukú wọn ń sọ tirẹ̀ sétí ọlọ́jà ní ìkọ̀kọ̀. Kò sí ohun tó ń ti owó lọ sókè, àfi ẹnu ọlọ́jà nìkan.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí ní ọdún 2023. Ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún náà, náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà. Ní àkókò òjò yẹn ni ìjì ṣí apá kan òrùlé ilé wa ní Bẹyẹrúnkà. Owó pánù ti di ohun tí a ń gbọ́ tí a ń dijú. Èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi jókòó, a sì fẹnu kò pé kí a ta maṣíìnì Singer alátẹsẹ̀ tí màmá wa fi ránṣọ ní Bẹ̀ẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi dágbére fáyé. Mo ya àwòrán rẹ̀, mo sì pè é ní ₦120,000.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹnìkan ti ná an ní ₦25,000, òmíràn ní ₦30,000. Ẹnìkan ní irú ohun àtijọ́ báyìí, ọ̀fẹ́ ló yẹ kí a fi ta ènìyàn lọ́rẹ. Ọkùnrin kan tiẹ̀ kọ ọ́ pé ẹni tó bá ń ta maṣíìnì ìyá rẹ̀, owó ló ń wá lójú méjèèjì, kí n tètè gbà kó tó di pé òun yí ọkàn padà. Èyí ló dùn mí jù, torí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe maṣíìnì ló ń ná, àìní wa ló ń ná.

Owó ẹ̀tẹ́ ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ọkàn. Amos Tversky àti Daniel Kahneman fi èyí hàn nínú ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1974. Wọ́n yí kẹ̀kẹ́ onínọ́ńbà kan níwájú àwọn ènìyàn, wọ́n sì ti ṣètò rẹ̀ kó lè máa dúró lórí 10 tàbí 65. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí wọ́n fojú bu ìdá tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ìdáhùn tó bọ́ sáàárín lọ́dọ̀ àwọn tó rí 10 jẹ́ 25. Lọ́dọ̀ àwọn tó rí 65, ó jẹ́ 45. Nọ́ńbà tí kò kan ọ̀rọ̀ rárá ló fa ọkàn wọn bẹ́ẹ̀. Ní ilé wa, kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bí a bá rí ₦40,000, kí a gbà á.

Ohun tó gbà wá sílẹ̀ ni pé a ti kọ iye kan sílẹ̀ kí n tó gbé àwòrán náà jáde. Mo ti lọ bá àwọn télọ̀ mẹ́ta, mo béèrè iye tí irú rẹ̀ ń pa, a sì fohùn ṣọ̀kan pé a kò ní gba ohun tó bá dín ní ₦85,000. Iye ọjà ni a fi gbé e kalẹ̀, kì í ṣe iye pánù. Àìní wa kò sọ maṣíìnì náà di ọ̀wọ́n, kò sì yẹ kó sọ ọ́ di ohun yẹpẹrẹ.

Ìdáhùn kan náà ni mo ń fún gbogbo wọn: "Ẹ ṣeun, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ₦110,000 wá. Bí ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ wá lọ́sàn-án." Ohùn pẹ̀lẹ́ níí yọ obì lápò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó pe ₦30,000 gòkè títí dé ₦70,000 lówó ọwọ́, ó sì dúró síbẹ̀.

Nígbà náà ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan kọ̀wé. Ó kí mi dáadáa, ó ní ₦55,000 ni òun ní. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìyọ̀ǹda lẹ́nu iṣẹ́ télọ̀ ni, gbogbo ohun tí òun kó jọ nìyẹn. Òun àti ọ̀gá rẹ̀ wá, ó jókòó ti maṣíìnì náà, ó fi ègé aṣọ kan dán an wò. A parí rẹ̀ sí ₦90,000: kó san ₦55,000 lójú ẹsẹ̀, kó san ìyókù láàárín oṣù méjì, kí ọ̀gá rẹ̀ ṣe onídùúró. Ẹ̀gbọ́n mi bínú. Wọ́n ní òjò kì í dúró de ẹni tó ń san díẹ̀díẹ̀, pé ₦70,000 tó wà nílẹ̀ sàn ju ìlérí lọ. A fi owó àkọ́kọ́ kan pánù sórí yàrá tó ń jò jù, a sì fi abọ́ gbe òjò nínú èkejì fún ọ̀sẹ̀ méje. Ọmọ náà san owó rẹ̀ pé.

Nítorí náà, kí a má ṣe rò pé gbogbo owó kékeré ni ìwọ̀sí. Ẹnìkan ń ná ọjà wa lọ́pọ̀ kó lè lọ tà á ní ìlọ́po mẹ́ta. Ohun tó wà lápò ẹlòmíràn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀: kí ló dé tí ẹ fi pè é bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ní ìdí yóò sọ ọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ fa ọjà lé ènìyàn lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ní gbangba, lójú ọ̀sán, irú bí iwájú Gbọ̀ngàn Mápó. Ẹ má ṣe gba àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì gbọ́ títí ẹ ó fi rí owó nínú àpò ìfowópamọ́ yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọjà náà, ẹ kọ́kọ́ kí ọlọ́jà. Ẹ sọ iye tí ẹ ní, kí ẹ sì sọ ìdí tó fi mọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tó wà lórí fóònù wa lọ́dún wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí wọ́n kórìíra tí wọ́n fi ń tà á.