Ẹrẹ̀ ni Òkè Tiwa

Adja-Ouèrè kò ní òkè gíga bí ti Atacora; ẹrẹ̀ ni òkè tiwa. Ẹni tí yóò fẹsẹ̀ rìn láti ìlú lọ síhà Massè ní láti kọ́kọ́ mọ oṣù tí a wà. Ilẹ̀ pupa ni a ó kọ́kọ́ tẹ̀, ó le, ó sì dára fún ẹsẹ̀. Bí a bá sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì tí àwọn Faransé ń pè ní Lama, ilẹ̀ di dúdú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, amọ̀ rẹ̀ a sán. Bí òjò bá dé, a wú, a sì gba bàtà lẹ́sẹ̀ ẹni.

Ẹrẹ̀ yìí ni ó ṣe odi fún àwọn Ọ̀họ̀rí nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, nígbà tí wọ́n kọ̀ fún ìjọba Faransé. Odi àná náà ni ó ń sé aboyún mọ́lé lónìí, tí kì í jẹ́ kí àgbàdo dé ọjà.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Lóṣù ọyẹ́, gba àbùjá. Bí òjò bá ṣú, bi àgbẹ̀ tí ó ti ibẹ̀ bọ̀ lánàá, kí o sì gba orí ilẹ̀ pupa, bí ó tilẹ̀ jìn.