Ọ̀rọ̀ Gíà Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú

Ẹni tí ọkọ̀ bá ti dá lóró lórí Afárá Carter ní ọjọ́ ọjà nìkan ló lè mọ ohun tí ojú mi rí ní ọjọ́ Sátidé kan. Láti Ìdó ni mo ti ń bọ̀, mo ń lọ kí àwọn ẹbí mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ sí Ìdúmọ̀tà, ọkọ̀ tòkunbọ̀ mi gbọ̀n jìgì, kò sì pààrọ̀ gíà mọ́. Ẹ́ńjìnnì ń kérora, ọkọ̀ ń wọ́ bí ìgbín, àwọn onídánfó sì ń fi èébú sìn mí lẹ́yìn.

Mẹkáníìkì tí a pè tẹ tọ́tù lẹ́ẹ̀mejì, ó mi orí: "Ọ̀gá, gíà ti kú. Òmíràn lẹ máa rà." Iye tó dá lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi fún sáà kan. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló dá mi dúró: "Àbúrò, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Jẹ́ kí riwáyà fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò ná."

Riwáyà ki ẹ̀rọ rẹ̀ bọ ihò kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Láti orí ọkọ̀ ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ irú ihò bẹ́ẹ̀ di dandan. Òun ló ń bá tòkunbọ̀ ọ̀hún dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀rọ náà fi hàn pé sẹ́ńsọ̀ tó ń ka eré ọkọ̀ ni kò fọhùn mọ́. Waya rẹ̀ ti dípẹtà.

Gíà ọ̀tọmátíìkì òde òní kì í dá ìpinnu ṣe. Kọ̀ǹpútà ni ọpọlọ rẹ̀. Àwọn sẹ́ńsọ̀ ní ń ròyìn fún un bí ọkọ̀ ti ń sáré tó, bí ẹsẹ̀ awakọ̀ ti tẹ tọ́tù tó, àti bí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó. Nígbà náà ni yóò fi iná ránṣẹ́ sí àwọn sólẹ́nọ́ìdì, tí í ṣe ìlẹ̀kùn kéékèèké inú gíà. Wọn yóò ṣí ọ̀nà fún ọ́ìlì tàbí kí wọ́n dí i. Agbára ọ́ìlì náà ló ń gbé gíà láti oókan bọ́ sí eéjì. Bí ìròyìn bá dáwọ́ dúró, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kọ̀ǹpútà yóò ti gíà mọ́ ojú kan, kí ó má baà bàjẹ́, kí awakọ̀ sì lè rọra délé.

Èmi tí mo ti ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn rí mọ ìtumọ̀ èyí: olóòtú tí kò rí ìròyìn gbà kò gbọdọ̀ tẹ irọ́ jáde. Ohun tí a pè ní ikú, ìṣọ́ra ni.

Sẹ́ńsọ̀ àti waya ni mo rà. Owó ilé ìwé kò yingin. Lóòótọ́, gíà lè bàjẹ́, pàápàá bí ọ́ìlì rẹ̀ bá gbẹ tàbí tó jóná. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sin gíà tiyín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ bi ọpọlọ tó ń darí rẹ̀ léèrè.