Ẹjọ́ Rírò Kì í Ṣe Ẹ̀bẹ̀

Owó gàrí ni ìyá mi fi ra alùpùpù tí mo ń gùn láti Adja-Ouèrè lọ sí yunifásítì. Lọ́jọ́ kan, mo gbé e sábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo fi máa padà, wọ́n ti fi ẹ̀wọ̀n de táyà rẹ̀. Owó ìtanràn jẹ́ 5.000 fráǹkì, oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan fún mi. Mo san án kí wọ́n tó tú u. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí àmì ìkìlọ̀ kankan níbẹ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá ẹ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n òfin fún wa ní ọ̀nà mìíràn, èyí tí èdè Faransé ń pè ní «recours gracieux»: ẹni tí ìpinnu kan kò tẹ́ lọ́rùn lè kọ̀wé sí aláṣẹ tó ṣe é, kí ó tún un yẹ̀ wò. Mo kọ ọ́, mo sì fi àwòrán ibẹ̀ tì í.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n dá owó mi padà, wọ́n sì ri àmì mọ́bẹ̀. Nígbà tí ìyá mi gbọ́, ó ní: «Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.»

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀wọ̀ ni ìdọ̀bálẹ̀ wà fún; a kì í fi ra ẹ̀tọ́ ẹni padà.