Orí tí wọ́n wá dé Bùràsíìlì: Ọmọ Àwẹ́ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀

Ẹni tó bá wọ mọ́tò n'Ìbàdàn, tó forí lé Ọ̀yọ́, yóò kan Fìdítì, ìlú ọlọ́sàn àti ọlọ́gẹ̀dẹ̀ tí ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà mọ̀ dunjú. Bó bá tún lọ síwájú, yóò kan Ìlọrà, níbi tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ijọ́un ti dá oko ńlá sílẹ̀ fáwọn ọ̀dọ́. Ẹ̀gbẹ́ Ọ̀yọ́ ni Àwẹ́ wà. Afijió ni gbogbo wọn.

Àwẹ́ yìí ni wọ́n ti bí Ọ̀jẹ́túnjí Abóyadé ní 1931. Ó kàwé dé ìlú Ọba, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ètò ọrọ̀ ajé. Òun ni alága ìgbìmọ̀ tó gba ìjọba àpapọ̀ nímọ̀ràn ní 1977 lórí bí wọn yóò ṣe máa pín owó orílẹ̀-èdè. Láti 1975 dé 1978, òun ni gíwá Yunifásítì Ifẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni Wọlé Ṣóyínká, tóun náà ń kọ́ni níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ná. Ní 1910, ará Jámánì kan, Leo Frobenius, ra orí idẹ kan n'Ifẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Orí Olókun. Ìjọba òyìnbó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ ní èyí tó wà nílé kì í ṣe ojúlówó. Họ́wù! Ojúlówó wá dà?

Ní 1978, ọ̀rọ̀ délẹ̀ ní yunifásítì pé orí náà wà ní Bahia, ní Bùràsíìlì, pé Pierre Verger mọ̀ nípa rẹ̀. Ará Faransé ni Verger, babaláwo ni, Ifẹ̀ náà ló sì wà nígbà yẹn. Ni Ṣóyínká àti Ọlábíyìí Yáì, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ ilẹ̀ Benin, bá wọ bàálù. Ìjọba Ọbásanjọ́ mọ̀ sí i. Ṣóyínká fẹnu ara rẹ̀ ròyìn rẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 2006: wọ́n rí orí kan, wọ́n dọ́gbọ́n gbé e. Àṣé àwòṣe lásán ni!

Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ti ra ọjà lókèèrè rí, tẹ́ ẹ délé tú u, tẹ́ ẹ rí i pé gbàrọgùdù ni, ẹ mọ bó ṣe ń dunni. Àmọ́ owó ọjà ṣeé wá. Èyí tó dunni jù ni pé àárín Verger àtàwọn ará Ifẹ̀ dàrú. Verger kú ní 1996. Ṣóyínká ò fi àbámọ̀ rẹ̀ pamọ́.

Ti ọmọ Àwẹ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Òun àti Ṣóyínká ò tú ká títí Abóyadé fi jáde láyé ní 1994.

Ní 2013 wàyí, àwọn onímọ̀ British Museum tún orí tó wà nílé yẹ̀ wò, wọ́n ní ó jọ pé òun gan-an ni ojúlówó! Ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.

Bí ọ̀rẹ́ bá ní ẹ jẹ́ ká lọ, ó dáa, ẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ ilé wò, kẹ́ ẹ má sì torí ohun tẹ́ ẹ ń wá sọ èèyàn nù.