Ọbẹ̀ Ọ̀yà Nígbà Ọyẹ́

Bí ọyẹ́ bá ti mú ní Ìlẹ́ṣà, iyán gbígbóná àti ọbẹ̀ ọ̀yà ni baálé mi máa ń béèrè. Ìjẹ̀ṣà kúkú ni. Ta ni yóò fi iyán dù ú?

Omi gbígbóná àti iyọ̀ ni mo fi ń fọ ọ̀yà yíyan. Èmi a bọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà títí yóò fi rọ̀, kí tàtàsé, ata rodo, epo pupa àti irú tó wọ̀ ọ́. N kì í da omi ẹran náà nù. Ibẹ̀ ni adùn wà.

Ní ọdún 2014 tí àrùn Ebola wọ Èkó, ọ̀pọ̀ wa ló sá fún ẹran ìgbẹ́. Àrùn náà kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ṣùgbọ́n títí di òní, ọ̀bọ àti àdán kì í wọ ilé ìdáná mi, n kì í sì í ra ẹran tí ó kú fúnra rẹ̀ lóko. Bí mo bá gé ẹran tútù, ọṣẹ ni mo fi ń fọ ọwọ́ àti ọ̀bẹ.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, ẹ fi ìka wá ọta ìbọn inú ẹran dáadáa, kí ẹ sì gé ibi tí ó bà kúrò. Òjé ni ọta náà sábà máa ń jẹ́, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ẹ bu tiwọn sọ́tọ̀ kí ata tó wọlé.