Pátákò Àdùkẹ́

Ẹni tó bá gbọ́ pé wọ́n gba ẹṣin kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyà, eegun ìhà ló máa retí láti rí. Àdùkẹ́ kò ní eegun ìhà tí ẹnikẹ́ni lè kà. Ó sanra kọjá bó ṣe yẹ. Ọ̀rá dì sí i lọ́rùn débi pé ọrùn náà le gbandi, gọ̀gọ̀ rẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹsẹ̀ ni ìyà tirẹ̀ wà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé ọgbà tó wà báyìí, ní ìgbèríko Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pátákò ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì ti gùn, wọ́n ti ká sókè bí ìwo àgbò, gìgísẹ̀ ló sì fi ń tẹlẹ̀. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kò fi ebi pa á rí. Pápá koríko tútù ló dà á sí láti ọdún dé ọdún, kò sì pe ẹnikẹ́ni wá gé pátákò fún un.

Ẹṣin kúkúrú ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Shetland, láti àwọn erékùṣù tó wà lókè Scotland. Irú wọn kì í ga ju sẹ̀ǹtímítà 107 lọ níbi èjìká. Àwọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú, irun iwájú orí rẹ̀ sì bo ojú débi pé ó ní láti gbé imú sókè kó tó lè wo èèyàn dáadáa. Atẹ́gùn àti òtútù ni ìran rẹ̀ mọ̀. Koríko erékùṣù wọn kò tó nǹkan. Ewé òkun ni wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹ létíkun nígbà tí nǹkan bá le. Ara tí Ọlọ́run dá láti fi díẹ̀ gbé ọjọ́ ni wọ́n wá dà sínú pápá tútù yọ̀yọ̀ ti ìhà gúúsù. Ìran yìí kan náà ni wọ́n kó wọ ihò èédú lẹ́yìn tí òfin ọdún 1842 ti ní kí gbogbo obìnrin, àti ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 10, jáde kúrò níṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀. Ìyẹn náà ìyà ni, àmọ́ kì í ṣe irú ti Àdùkẹ́.

Orúkọ tó wà nínú páàsìpọ́ọ̀tù rẹ̀ yàtọ̀ o. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹṣin gbọ́dọ̀ ní páàsìpọ́ọ̀tù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mi ò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn tò fún un rí. Obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìbejì ló sọ ọ́ ní Àdùkẹ́. Nọ́ọ̀sì ni, ọmọ Ìlọrin. Ẹṣin tó mọ̀ láti kékeré ni ẹṣin ọjọ́ ọdún, èyí tó wọ aṣọ ju ẹni tó gùn ún lọ. Ní báyìí, tó bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, bàtà rọ́bà ló ń wọ̀, ọgbà ló ń gbà lọ tààrà.

Ohun tó kọ́kọ́ ń ṣe láàárọ̀ kò la ariwo lọ. Á bẹ̀rẹ̀, á fi ìka méjì sí ẹ̀yìn ọrùn ẹsẹ̀ Àdùkẹ́, lókè pátákò, á wá dákẹ́. Ó ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù. Lára ẹṣin tí ara rẹ̀ yá, agbára káká ni èèyàn fi máa rí i. Tó bá ń lu kìkì, wàhálà ti dé nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá pátákò mú bóyá ó gbóná. “Pẹ̀lẹ́, ìyá mi. Gbé e wá. Gbé e wá, ó dára.” Àdùkẹ́ á ro ó wò díẹ̀, á sì gbé ẹsẹ̀. Màmá Ìbejì á fi irin ẹlẹ́nu kọdọrọ họ ẹrẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀, títí ẹran líle onígun mẹ́ta tó wà láàárín àtẹ́lẹsẹ̀ á fi hàn. Á gbóòórùn rẹ̀. Mo ti rí i tó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà pé kò jẹrà.

Ẹ bá mi wo pátákò yẹn dáadáa. Ìlà yí i po. Lára ẹṣin mìíràn àwọn ìlà náà máa ń tò tẹ̀lé ara wọn lọ́gbọọgba. Lára Àdùkẹ́ wọ́n há níwájú, wọ́n sì ya ara wọn lápá ẹ̀yìn. Gbogbo ìgbà tí àìsàn inú pátákò kọlù ú ló wà níbẹ̀. Àmọ́ láti ibi tí irun parí sí, ìwọ̀nba ìka méjì ti hù tó ń dán, tó tẹ́jú, tí kò ní ìlà kankan. Pátákò kì í hù tó sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù. Kí èyí tó dára yìí tó dé ilẹ̀, á súnmọ́ ọdún kan.

Laminitis ni àwọn dókítà ẹran ń pe àìsàn náà. Eegun kan wà nínú pátákò tó jẹ́ pé ara ògiri pátákò ni wọ́n so ó rọ̀ mọ́, pẹ̀lú awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó lé ní 500 tó wọnú ara wọn. Bí ṣúgà inú koríko bá pọ̀ jù fún ẹṣin tó ti sanra, insulin inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ru sókè, àwọn awọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í nà, wọ́n á sì máa já. Eegun á yí, ṣóńṣó rẹ̀ á dojú kọ àtẹ́lẹsẹ̀. Tó bá burú tán, á dá a lu jáde. Ìdí nìyẹn tí irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ fi máa ń na ẹsẹ̀ iwájú síwájú, tó máa ń fi gbogbo ara tì sẹ́yìn.

Ọkùnrin tó ń gé pátákò Àdùkẹ́ máa ń wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà. Òfin ọdún 1975 kò gbà kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé àwọn oníṣẹ́ yìí kan bàtà irin mọ́ ẹṣin lẹ́sẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ fún ọdún bíi mélòó kan ni. Àdùkẹ́ kò wọ bàtà irin, ó sì kúrú débi pé orí ìkúnlẹ̀ ni bàbá náà ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, tó ń ráhùn ẹ̀yìn dídùn. Àwòrán eegun tí dókítà yà wà lórí fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Á wò ó, á fi ẹ̀mú gé díẹ̀ níwájú, á fi fáìlì ńlá rẹ́ ẹ, á tún wò ó. Wọn ò lè gé e tán lẹ́ẹ̀kan, nítorí iṣan àti eegun ti fi ara kọ́ ìdúró burúkú yẹn. Ajá rẹ̀ ló ń jẹ èyí tó bá já bọ́, ó sì dùn mọ́ ọn.

Oúnjẹ ló ṣòro jù. Yanrìn ni wọ́n dà sí àyè Àdùkẹ́, kò sí koríko tútù níbẹ̀. Ìwọ̀n tí a fi ń wọn ẹrù kí a tó lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú ni Màmá Ìbejì fi ń wọn koríko gbígbẹ rẹ̀: nǹkan bíi kílò 2.7 lóòjọ́, fún ẹran tó wọn kílò 180. Á rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún wákàtí mélòó kan kí ṣúgà lè yọ́ kúrò; omi náà á pọ́n, á sì máa rùn. Síbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ebi pa á, torí bí oúnjẹ bá dá lẹ́nu irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ lójijì, ọ̀rá ara rẹ̀ á tú sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè pa á. Àwa tó jẹ́ pé abọ́ oúnjẹ la fi ń fìfẹ́ hàn, irú ìtọ́jú yìí kò bá wa lára mu. Màmá àgbà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wá wò ó, ó pariwo: “Ṣé ẹran tí ẹ ní ẹ gbà sílẹ̀ náà lẹ tún ń ṣẹ́ oúnjẹ fún?” Màmá Ìbejì kúnlẹ̀ díẹ̀: “Ẹ má bínú, mà. Láti ìgbà tí dókítà ti ní ṣúgà Bàbá ga, ṣé ẹ ṣì ń ro ẹ̀bà fún wọn bíi ti tẹ́lẹ̀?” Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ápù wọn sínú báàgì padà.

Dókítà ti sọ pé Àdùkẹ́ kò ní ṣeé gùn, ọmọdé gan-an kò gbọ́dọ̀ gun orí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì máa ń kó ọmọ yín gba ìgbèríko òyìnbó kọjá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má na búrẹ́dì, ápù tàbí koríko tí ẹ gé lágbàlá yín sí ẹṣin ẹlẹ́ṣin láti orí wáyà. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ín.