Ojú Lọ̀rọ̀ Wà
Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọ̀pọ̀ òbí tó ń gbé Mowé àti Ìbàfò ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó. Àwọn ará Ìfọ̀ náà ń gba ọ̀nà Abẹ́òkúta. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n tètè padà. Láti ọdún 2001 tí fóònù alágbèéká ti gbòde, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń kí ọmọ. WhatsApp sì ti sọ ọ́ di àfojúrí. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá délé tán, fóònù náà ni wọ́n tún tẹjú mọ́. Ajá tó dúró dè wọ́n lẹ́nu géètì ń ju ìrù. Ọmọ tí kò tíì sùn ń wojú wọn. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbé fóònù sílẹ̀ ná.